Igi Ò Lẹ́sẹ̀: Bí Ohun Ọ̀gbìn Olódòdó Ṣe Ń Bímọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Òdòdó méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Orí ìtàkùn elégédé kan náà ni mo ti já wọn láàárọ̀ yìí, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Tí ẹ bá wò wọ́n láti ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ ó pè wọ́n ní ìbejì: àwọ̀ ìyeyè kan náà, ìrísí bí agogo kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló gbé e dúró. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ẹ rí ohun roboto kan tó wú nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ. Elégédé kékeré ni. Ó ti wà níbẹ̀ kí òdòdó náà tó là. Ọwọ́ ọ̀tún ni akọ, ọwọ́ òsì ni abo.

Ìdí tí mo fi mú wọn wá ni pé ẹjọ́ kan wà tí mo ti gbọ́ láìmọye ìgbà lẹ́nu àwọn tó ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Wọ́n á ní, "Elégédé mi ń tanná, kò so. Ó ń yọ ọmọ, ọmọ náà á pọ́n, á rọ, á já bọ́." Ẹlòmíì á ní ilẹ̀ ni kò dára, á lọ wá ajílẹ̀ kún un. Ilẹ̀ ò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyàwó ti múra, ọkọ náà ti múra, alárinà ni kò wá.

Ọ̀rọ̀ alárinà yìí ni mo bá wá. Ẹranko lẹ́sẹ̀, ẹyẹ nápá. Bí ọ̀kan bá ń wá ẹnìkejì rẹ̀, á gbéra ni. Igi ò lè kúrò níbi tó ti hù. Síbẹ̀, oríṣi ohun ọ̀gbìn olódòdó tó wà láyé lónìí lé ní 300,000, àwọn òdòdó tó ti di òkúta nínú ilẹ̀ sì jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti tó nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti ń tanná. Ẹ̀dá tí kò lẹ́sẹ̀ ló kún ayé báyìí. Ẹlòmíì ló ń bá a rìn.

Ẹ jẹ́ ká ya akọ yìí wò. Mo bó ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, ó ku òpó kan ṣoṣo láàárín. Tí mo bá fi ìka kàn án, ẹ wò ó, ìka mi ti pọ́n. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni ìwé ń pè ní pólìnì; lẹ́búlẹ́bú ni èmi á máa pè é ní tèmi. Hóró kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ló gbé ohun tí akọ fẹ́ fi ránṣẹ́. Ti elégédé tóbi, ó sì ń lẹ̀. Atẹ́gùn ò lè gbé e. Ẹ wá wo abo. Kò ní lẹ́búlẹ́bú rárá. Ohun tó wà láàárín tirẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ó tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́: ẹnu abo nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ẹnu yẹn ni ọ̀nà ọ̀fun, ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni ilé ọmọ, ìyẹn elégédé kékeré tí mo fi hàn yín. Mo là á báyìí. Àwọn kókó funfun wínníwínní tí ẹ ń rí yìí ni àpò ẹyin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè di irúgbìn, bí hóró lẹ́búlẹ́bú kan bá ti ẹnu dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló pín akọ àti abo sọ́tọ̀ bíi ti elégédé o. Èyí tó pọ̀ jù, méjèèjì ló wà pa pọ̀. Ẹ lọ wo òdòdó ilá ní àárọ̀: òpó kan ló wà láàárín, lẹ́búlẹ́bú yí ara òpó náà ká, ẹnu abo tó pupa dúdú sì yọrí lókè rẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó nínú yàrá kan. Àgbàdo pín tirẹ̀ sí méjì lórí igi kan náà. Ìbẹ́pẹ ní tiẹ̀, igi kan lè jẹ́ akọ pátápátá, òmíràn lè jẹ́ abo, òmíràn sì lè ní méjèèjì.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé igi ní akọ àti abo lóòótọ́. Àwọn tó ń gbin ọ̀pẹ déètì ní ilẹ̀ Mesopotámíà àtijọ́ ti ń ṣe é lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ń gé òdòdó akọ, wọ́n ń gùn lọ fi í sáàárín abo. Ẹni tó wá fi àyẹ̀wò hàn án gbangba ni dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Jakob Camerarius, ní ìlú Tübingen. Ó kọ ọ́ jáde ní 1694. Ohun tó ṣe kò le rárá: ó já òdòdó akọ orí lárà dànù kí wọ́n tó là, lárà náà kò so kóró tó yè. Ó gé irun àgbàdo kúrò lórí ṣùkù, ṣùkù náà dàgbà láìní hóró.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí irun àgbàdo yẹn, nítorí kò sí ohun tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere tó o. Àwọn àgbà ní àgbàdo lọ sóko níhòòhò, ó kó igba aṣọ, igba ọmọ bọ̀. Báwo ló ṣe rí igba ọmọ? Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni akọ. Ọ̀kẹ́ àìmọye hóró lẹ́búlẹ́bú ló ń tú sílẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ló ń kó o. Irun tó yọ lẹ́nu ṣùkù ni abo. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan, ẹyin kan ṣoṣo ló so mọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Fọ́nrán tí lẹ́búlẹ́bú bà lé, ẹyin rẹ̀ á di hóró àgbàdo. Fọ́nrán tí kò rí, àyè rẹ̀ á ṣófo. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bó àgbàdo tí ẹ rí i pé eyín rẹ̀ yọ síbí yọ sọ́hùn-ún bíi ti ọmọ ọdún méje, ẹ rántí pé fọ́nrán bíi mélòó kan ló ṣeé ṣe kó má rí ọkọ. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo tí a gbìn ní ìlà kan ṣoṣo fi sábà máa ń so játijàti. Ẹ gbìn ín ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún, tó fara kanra, kí atẹ́gùn lè máa gbọ̀n ín láti orí èyí sórí ìyẹn.

Ohun ọ̀gbìn tó bá fi atẹ́gùn ṣe alárinà kì í ṣọ̀ṣọ́. Ta ló fẹ́ ṣe é fún? Atẹ́gùn ò lójú, kò nímú. Ẹ wo òdòdó koríko: ewé òdòdó aláwọ̀ ò sí níbẹ̀, òórùn ò sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò tilẹ̀ mọ̀ pé koríko ń tanná. Gbogbo agbára rẹ̀, orí lẹ́búlẹ́bú ló ná an sí, nítorí èyí tó máa ṣòfò pọ̀ ju èyí tó máa débẹ̀.

Ti àwọn tó fi ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe alárinà yàtọ̀. Àwọ̀ tó ń wù wá, òórùn tó ń tu wá lára, omi dídùn tó wà nísàlẹ̀ òdòdó, kò sí èyí tí igi ṣe nítorí tiwa nínú wọn. Ìpolówó ni, owó ọ̀yà sì ni. Oyin wá gba omi dídùn, ó gba lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ìyókù lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí òdòdó tó kàn. Ojú oyin ń rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú tiwa kì í rí, ọ̀pọ̀ òdòdó tí a rò pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní sì ní ìlà tó ń tọ́ka sí ibi tí omi dídùn wà. Igi tó bá ń retí àlejò òru á múra fún òru: àwọ̀ funfun, òórùn líle. Òdòdó igi osè máa ń là ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń rọ̀ kọ́kọ́rọ́ sísàlẹ̀, àdán á sì fò wá gbé ẹnu bọ̀ ọ́. Ti kòkó kéré, ara igi gan-an ló ti ń yọ, kò tó èékánná. Kantíkantí ni alárinà rẹ̀. Inú ewé jíjẹrà tó wà lábẹ́ igi sì ni kantíkantí yẹn ti ń pamọ. Ẹni tó gbá abẹ́ igi kòkó rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó lè jẹ́ pé ilé alárinà ló gbá dànù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọmọdé kan fún yín, torí pé orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lẹ́nu wa. Ìtàkùn ilẹ̀ Mẹ́síkò ni fànílà. Àwọn Faransé gbé e lọ sí erékùṣù Réunion nínú Òkun Íńdíà. Ó hù, ó tanná, kò so. Wọ́n gbé ìyàwó kọjá òkun, wọ́n fi alárinà sílẹ̀. Nínú òdòdó fànílà, awọ kékeré kan ló dá akọ àti abo lẹ́kun, bí ohun kan ò bá sì gbé awọ náà, wọ́n á wà nínú ilé kan náà láìfojú kanra. Ní 1841, ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Edmond Albius, ọmọ ẹrú lórí erékùṣù náà, mú èèrún oparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi gbé awọ yẹn sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Ó parí. Títí di òní olónìí, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbà mú fànílà so kárí ayé, òdòdó kan lẹ́yìn èkejì, torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni òdòdó rẹ̀ fi ń là. Ó gba òmìnira ní 1848 nígbà tí wọ́n fòpin sí ìfiniṣẹrú níbẹ̀, ó sì kú nínú òṣì ní 1880. Àwọn mìíràn ti fi ọgbọ́n tó rí lọ́rọ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ti rántí.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pẹ. Igi ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn. Nígbà tí wọ́n gbìn ín rẹpẹtẹ sí Màléṣíà, òṣìṣẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú káàkiri oko pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n sì gbà pé atẹ́gùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilé rẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn. Kòkòrò kékeré kan ni, Elaeidobius kamerunicus, tí kò gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Inú òdòdó akọ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń yé sí. Nígbà tí òdòdó abo bá tó gbà, á tú òórùn tó jọ ti akọ jáde. Kòkòrò náà á yà wọlé, á rí i pé kò sí oúnjẹ, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gbọn lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ kó tó jáde. Ní 1981 wọ́n kó o láti Kamẹrúùnù lọ sí Màléṣíà, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì di ohun àtijọ́ láìpẹ́.

Ẹnìkan níwájú níbí ti ń mirí. Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: bí akọ àti abo bá wà nínú òdòdó kan, kí ló ń wá alárinà sí, ṣé kò lè kúkú fẹ́ ara rẹ̀? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà ń ṣe é, ẹ̀wà ń ṣe é, ó sì bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi ló ń sá fún un, ìyàlẹ́nu sì ni ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sá. Ẹ wo píà. Òdòdó rẹ̀ máa ń là lẹ́ẹ̀mejì. Irú kan á là ní àárọ̀ bí abo, á pa dé, á wá là ní ọ̀sán ọjọ́ kejì bí akọ. Irú kejì á là ní ọ̀sán bí abo, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì bí akọ. Nítorí náà, nígbà tí tibí jẹ́ abo, tọ̀hún jẹ́ akọ. Ẹ gbin méjèèjì nítòsí ara wọn, wọ́n á so ju ti ẹni tó dá wà lọ. Ọ̀pọ̀ igi kòkó náà, bí lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ bá bà lé e, á mọ̀ ọ́n, á kọ̀ ọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé ọmọ tó ní bàbá ọ̀tọ̀, ìyá ọ̀tọ̀ kì í jọ ẹnìkan tán. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí à ń gbìn kì í ní kóró tó lè hù. Ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá là ń yọ gbìn, ìyá náà ló tún ara rẹ̀ bí. Irú kan tí wọ́n ń pè ní Gros Michel ló kún ọjà ayé nígbà kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Àrùn Panama dé, èyí tó bá pa ọ̀kan ló lè pa gbogbo wọn, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1960, irú mìíràn ni wọ́n ti fi rọ́pò rẹ̀ nínú òwò òkè òkun.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu abo elégédé yìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí lẹ́búlẹ́bú bá bà síbẹ̀, ojú lásán ò rí i. Hóró náà á mu omi, á wú, á sì hù. Bẹ́ẹ̀ ni, á hù bí irúgbìn ṣe ń hù, á na ìhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú ọ̀fun abo lọ. Giovanni Battista Amici, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ rí èyí nínú awò amúǹkantóbi rẹ̀ ní 1824. Lára àgbàdo, hóró tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ lè na ìhò rẹ̀ dé 30 sẹ̀ǹtímítà nínú fọ́nrán irun kan, ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Àtọ̀ méjì ló ń rìn nínú ìhò yẹn. Kì í ṣe ọ̀kan o, méjì.

Kí ni èkejì wá ṣe? Ní 1898, Sergei Nawaschin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Kiev, ló rí ìdáhùn. Àtọ̀ kìíní wọ inú ẹyin, ó di ọlẹ̀. Èkejì lọ bá kókó sẹ́ẹ̀lì méjì tó wà láàárín àpò náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, ó sì di oúnjẹ tí ọlẹ̀ yóò máa jẹ. Ẹ rò ó wò. Igi ò se oúnjẹ sílẹ̀ de ọmọ tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò wá. Wákàtí tí oyún dúró gan-an ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Bí alárinà ò bá wá, kò sí ohun tó ṣòfò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí oúnjẹ yẹn, kó la àgbọn. Omi inú rẹ̀ ni oúnjẹ náà nígbà tí kò tíì dì, ẹran funfun ara èèpo sì ni èyí tó ti dì. Ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré, abẹ́ ojú kan tó rọ̀ nínú ojú mẹ́ta àgbọn ló fara pamọ́ sí. Nínú àgbàdo, apá tó ń di ìyẹ̀fun ni oúnjẹ, ìdí hóró níbi tó ti so mọ́ ṣùkù ni ọlẹ̀ wà.

Lẹ́yìn èyí, òdòdó ti parí iṣẹ́. Ewé aláwọ̀ á rọ, á já. Awọ àpò ẹyin á le, á di èèpo kóró. Ilé ọmọ á wú, á di èso. Bí lẹ́búlẹ́bú tó dé bá kéré, apá kan lè wú kí apá kejì má wú, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí kùkúḿbà tó tẹ̀ kọ́rọ́, tí ìdí rẹ̀ sì fún. Ẹ̀pà ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Òkè ilẹ̀ ló ti ń tanná, òdòdó kékeré àwọ̀ ìyeyè tó ń là ní àárọ̀ tó sì ń rọ kó tó di alẹ́. Tí oyún bá ti dúró, ìdí òdòdó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, á yọ bí abẹ́rẹ́, á dorí kodò, á wọlẹ̀ tòun ti ọlẹ̀ lẹ́nu. Inú òkùnkùn ló ti ń di ẹ̀pà. Bí ilẹ̀ bá le jù tí abẹ́rẹ́ yẹn ò lè wọ̀ ọ́, kò ní so. Ẹ fà á tu lọ́jọ́ kan kó tó gbó, ẹ ó rí okùn tó so mọ́ ọn.

Bí irúgbìn ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: òwú àràbà ń bá atẹ́gùn lọ, àgbọn ń léfòó lórí òkun, èèmọ́ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ wa, ẹyẹ ń gbé ìyókù mì. Èyí tí mo máa fi kún un ni pé irúgbìn lè dúró. Kóró déètì kan tí wọ́n wú jáde ní Masada, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, hù nígbà tí wọ́n gbìn ín ní 2005.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní ọdún kan, kòkòrò ń jẹ ewé elégédé mi, mo sì fi oògùn apakòkòrò fín in ní aago méje àárọ̀, ní àkókò tí gbogbo òdòdó rẹ̀ là gbayawu. Kòkòrò kú. Ní ọjọ́ kejì mo ká òkú oyin mẹ́rìnlá nínú àwọn òdòdó náà. Ọ̀pọ̀ abo tó tanná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e ló pọ́n tó sì já bọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi lé alárinà. Bí ẹ bá máa fín oògùn, ẹ dákun, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́ tí òdòdó ti pa dé, ẹ má sì fín in sínú òdòdó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ ò lè ṣa kòkòrò náà kúrò.

Bí alárinà ò bá sì wá, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Kó má ju aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ, torí òdòdó elégédé kì í pẹ́ pa dé, kì í sì í là lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ já akọ, ẹ bó ewé rẹ̀ bí mo ṣe bó èyí, ẹ fi òpó rẹ̀ pa ẹnu abo lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Abo tó wà lọ́wọ́ mi yìí ò lè so mọ́, mo ti já a, mo sì ti là á. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì kù lórí ìtàkùn. Mo ti fi akọ kàn án lẹ́nu kí n tó jáde, mo sì so òwú pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́rin òní, bí ó bá gbà, yóò ti máa wú, ọrùn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.